Owó Àánú àti Ẹnu-Ọ̀nà Pápá Gọ́ọ̀fù

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọwọ́ tó ń fúnni ló ń wà lókè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó yẹ kí a fi gbé òwe náà yẹ̀wò, èyíinì ni ìtàn bí wọ́n ṣe ń fi ìdíje gọ́ọ̀fù ọdọọdún wá owó fún àwọn aláìní.

Ní ọdún 1937, Bing Crosby, gbajúgbajà akọrin, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbá gọ́ọ̀fù fún fàájì, àti àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun, jọ sí Rancho Santa Fe ní California. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ 3,000 dọ́là sílẹ̀ fún ẹ̀bùn. Ogun dá ìdíje náà dúró lẹ́yìn 1942. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ ní 1947, agbègbè Monterey ni wọ́n gbé e lọ, owó rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ibẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1938, ìdíje kan ní Palm Beach, ní Florida, ti fi 10,000 dọ́là tọrẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le. Olówó tó fẹ́ bá ògbóǹtarìgì gbá bọ́ọ̀lù yóò san owó ńlá. Àwọn ilé-iṣẹ́ yóò dáwó kí orúkọ wọn lè hàn. Òǹwòran yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará ìlú yóò darí ọkọ̀, wọn yóò sì ṣọ́ pápá láìgba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ìnáwó kúrò, ìyókù di ti aláìní. Ní 2005, àpapọ̀ owó tí àwọn ìdíje PGA Tour ti fi tọrẹ pé bílíọ̀nù kan dọ́là. Ní 2020 ó di bílíọ̀nù mẹ́ta. Ta ni yóò bú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu-ọ̀nà. Láti 1934 ni òfin ẹgbẹ́ PGA ti sọ pé aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọ ẹgbẹ́ náà. Bill Spiller, ọmọ aláwọ̀ dúdú, ń ru ẹrù èrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Los Angeles. Ní 1948, òun àti Ted Rhodes gbá gọ́ọ̀fù débi tí wọ́n fi yẹ fún ìdíje Richmond, ní California. Wọ́n lé wọn nítorí àwọ̀ wọn. Wọ́n pẹjọ́. PGA ṣèlérí àtúnṣe, àfi bí wọ́n ṣe sọ ìdíje di ti ẹni tí a bá pè. Ìgbà wo ni wọn yóò pe Spiller? Nígbà tó yá, ó di ẹni tó ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn olówó. Ọ̀kan nínú wọn gbà á nímọ̀ràn pé kí ó kọ̀wé sí Stanley Mosk, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba California. Mosk dìde sí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì pa òfin yẹn rẹ́ ní 1961. Spiller ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ó kú ní 1988. Ní 2009 ni PGA tó sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn kò tíì ṣí tán. Cypress Point wà lára àwọn pápá tí wọ́n ti ń gbá ìdíje Crosby láti 1947. Ní 1990, lẹ́yìn awuyewuye Shoal Creek ní Alabama, PGA Tour pàṣẹ pé ẹgbẹ́ tí kò bá gba aláwọ̀ dúdú kò ní gba àlejò ìdíje mọ́. Àwọn onípápá Cypress Point yàn láti yọ ara wọn kúrò.

Ẹ̀yin ará, n kò ní kí a fojú tín-ín-rín owó àánú. Aláìsàn kì í bi oògùn léèrè ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n Spiller kò ṣagbe. Àyè láti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹun ló ń wá, ìtọrẹ kò sì lè dípò ẹ̀tọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ tiwa náà bá tún pe àpèjọ láti kówó jọ, kí a tó ka owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bóyá ẹnì kan wà níta tí a kò pè.