Ìbuwọ́lùwé Orí Káàdì: Yekini, Oliha àti Ìlọrin

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní pápá Cotton Bowl nílùú Dallas, Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù tí Finidi George fi ránṣẹ́ sí i wọ ilé Bùlùgéríà ní ìṣẹ́jú kọkànlélógún. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọ inú ilé lọ bá bọ́ọ̀lù, ó di àwọ̀n mú, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ihò rẹ̀, ó ń ké. Gbogbo wa la mọ àwòrán yẹn, títí kan àwa tí wọn ò tíì bí nígbà náà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a bi ara wa lónìí kò tó àwòrán náà tóbi: ta ló ní in lọ́wọ́ níhìn-ín, tí Yekini fúnra rẹ̀ sì buwọ́ lù ú?

Ẹ má ṣe pè é ní ìbéèrè ọmọdé. Kàdúná ni wọ́n ti bí Yekini lọ́dún 1963, ṣùgbọ́n ará Ìrá ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní Ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó gbá fún Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, kó tó kọjá sí Africa Sports ní Côte d'Ivoire àti Vitória Setúbal ní ilẹ̀ Potogí. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà, ìyẹn ti ọdún 1993. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ló gbá wọlé ní líìgì ilẹ̀ Potogí, kò sí ẹni tó gbá tó o níbẹ̀ lọ́dún náà. Fún Nàìjíríà, góòlù 37 ni. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Ìbàdàn ló padà sí. Ibẹ̀ ló ń gbé títí tó fi kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, wọ́n sì gbé e wá sin sí Ìrá. Ẹni tí ayé ń wá káàdì rẹ̀ rà jẹ́ aládùúgbò wa. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni láti Ìlọrin dé Ìbàdàn.

Káàdì tí mo ń sọ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ sìgá ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Páálí pẹlẹbẹ kan ni wọ́n ń fi sáàárín sìgá kí sìgá má baà tẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé bí àwòrán bá wà lára páálí náà, àwọn èèyàn yóò máa ra sìgá nítorí àwòrán. Bí agbábọ́ọ̀lù àti àwọn eléré mìíràn ṣe wọ inú àpò àwọn ọmọdé nìyẹn, nípasẹ̀ sìgá àwọn bàbá wọn. Káàdì Honus Wagner, òṣèré baseball ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi sínú sìgá láàárín ọdún 1909 sí 1911, ni wọ́n tà ní dọ́là mílíọ̀nù 7.25 lọ́dún 2022. Lẹ́yìn sìgá, ṣíńgọ́ọ̀mù ló gba iṣẹ́ náà. Ní ti bọ́ọ̀lù, ilé-iṣẹ́ Panini tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Modena ní Ítálì lọ́dún 1961 ló gba ipò iwájú. Ọdún 1970, nígbà Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti Mẹ́síkò, ni wọ́n ṣe álíbọ́ọ̀mù Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọn àkọ́kọ́, tí àwọn ọmọ ń lẹ sítíkà àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ́ nínú. Ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà tó ní ojú ìwé tirẹ̀ nínú irú álíbọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀.

Níhìn-ín ńkọ́? Àwọn bàbá àti bùọ̀dá wa kò dàgbà sínú àṣà ríra káàdì. Ohun tí wọ́n ní ni kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán ikọ̀ Green Eagles, fọ́tò tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn, àti pósítà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé agẹrun. Ìfẹ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọmọ Ítálì tó ń lẹ sítíkà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìwé pélébé yẹn lè di ohun ìtàn. Bí àwòrán bá ti ṣá, wọ́n a fà á ya, wọ́n a lẹ òmíràn. Nítorí náà, káàdì Yekini ti ọdún 1994 tí ẹnikẹ́ni bá ní ní Ìlọrin lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á, láti ọwọ́ àlejò tó wà ní òkè òkun.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí ràn wá lọ́wọ́ láti lóye rẹ̀. A ní kí èèyàn buwọ́ lu ìwé, a tún ní kó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ wà nínú méjèèjì. Ohun tí à ń béèrè ju orúkọ lọ, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè kọ orúkọ. À ń béèrè pé kí ọwọ́ ẹni náà kan ìwé náà, kí ó lè jẹ́ ẹ̀rí pé ó wà níbẹ̀. Ìlọrin ò gbọdọ̀ ka èyí sí àṣà àjèjì rárá. Ìlú ilé-kéú ni wá. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn àáfà wa ti mọ̀ pé ìwé-àṣẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà lẹ́yìn tó ka ìwé kan tán níwájú olùkọ́ rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú kí èèyàn dá ìwé náà kà nínú yàrá. Ohun tó fún ìwé-àṣẹ yẹn ní iyì ni pé a lè sọ ẹni tó fún ọ, ẹni tó fún òun náà, àti ibi tí ẹ ti jókòó. Ìbuwọ́lùwé orí káàdì kò ní ẹ̀mí ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń gbà á gbọ́ kan náà ni: ojú ti rí ojú.

Ọjà ti gbìyànjú láti yọ ojú-rí-ojú yẹn kúrò. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Upper Deck ní Amẹ́ríkà fi káàdì 2,500 tí Reggie Jackson ti buwọ́ lù pa mọ́ sáàárín àwọn páálí tí wọ́n ń tà, kí àwọn oníbàárà lè máa rà á wò bóyá wọn yóò ṣe oríire. Láti ìgbà náà, èèyàn lè ní ìbuwọ́lùwé akọni rẹ̀ láìrí i rí. Ó tún wá burú sí i: fún ọ̀pọ̀ káàdì òde òní, orí sítíkà kékeré aláwọ̀ omi ni òṣèré ń buwọ́ lù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan náà, ilé-iṣẹ́ ni yóò sì wá lẹ sítíkà náà mọ́ káàdì. Ọwọ́ ò tilẹ̀ lu ìwé.

Níbi tí owó bá pọ̀ sí, ayédèrú kì í jìnnà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn ọlọ́pàá FBI ṣe ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní Operation Bullpen sí àwọn tó ń ṣe ayédèrú ìbuwọ́lùwé àwọn eléré. Ẹgbẹ́ ọ̀daràn kan ni wọ́n tú ká, ilé-ẹjọ́ sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́bi. Lára ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀ ni bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n fi orúkọ Mother Teresa buwọ́ lù. Ẹ rò ó wò ná: ìyá arúgbó tó ń tọ́jú aláìsàn ní Calcutta! Nítorí irú èyí ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíi PSA ṣe ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti yẹ ìbuwọ́lùwé wò kí wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé ẹ̀rí tó lágbára tó kí èèyàn dúró níwájú ẹni náà kí ó sì wò ó bó ṣe ń kọ ọ́.

Bí ẹnì kan bá ní Yekini jìnnà sí Ìlọrin jù, kí la máa sọ nípa Thompson Oliha? Ó wà nínú ikọ̀ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní Túníṣíà ní oṣù Kẹrin ọdún 1994, nígbà tí góòlù méjì Emmanuel Amuneke borí Sáńbíà. Ó wà lára àwọn 22 tí Clemens Westerhof kó lọ sí Amẹ́ríkà lóṣù méjì lẹ́yìn náà. Bẹ́ẹ̀ Ìlọrin ló wá ṣiṣẹ́ sí lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Kwara Football Academy. Ìlọrin náà ló kú sí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2013, ó jẹ́ ẹni ọdún 44. Ẹni tó ti bá Argentina àti Ítálì wà nínú ìdíje kan náà ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá, ó ń ra búrẹ́dì níbi tí a ti ń rà á. Àwọn tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin nígbà náà ni àwọn àgbà tó ń ka búlọ́ọ̀gì wa yìí lónìí. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní ìwé tó buwọ́ lù, ohun ìtàn ìlú yìí ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó sọnù.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn 22 yẹn wò bí ẹni ń ka ojú ìwé álíbọ́ọ̀mù. Uche Okafor kú lọ́dún 2011, Yekini lọ́dún 2012, Oliha lọ́dún 2013. Wilfred Agbonavbare kú ní Sípéènì lọ́dún 2015. Stephen Keshi, balógun ikọ̀ náà, kú lọ́dún 2016. Peter Rufai, aṣọ́lé wọn, tẹ̀ lé wọn ní oṣù Keje ọdún 2025. Mẹ́fà nìyẹn. Kò sí owó tó lè mú kí ojú ìwé yẹn pé mọ́ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn ìbuwọ́lùwé tó wà nílẹ̀ nìkan ló máa wà títí ayé, ayédèrú nìkan ló sì lè mú iye wọn pọ̀ sí i.

Àwọn kan lè sọ pé àṣejù ni, pé kí ni ìwé pélébé fẹ́ ṣe fún orílẹ̀-èdè. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ ọdún méjìlá bá mú káàdì tọ agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ lọ. Ó ti gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ó ti gbọ́dọ̀ wá ibi tó ń gbé. Yóò kí i, yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, yóò pè é ní bàbá, yóò sọ ohun tó bá wá. Ẹni náà yóò wo àwòrán ara rẹ̀ nígbà èwe, ó sì dájú pé yóò sọ nǹkan kan: ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò, bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹni tó yá a ní bàtà. Ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà ni ìbuwọ́lùwé, inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn mọ bó ti ṣòro tó láti mú kí àgbàlagbà sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀. Káàdì kan lè la ẹnu rẹ̀ láìsí wàhálà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà ní ìlànà. Bírò kì í mú lórí káàdì tó ń dán, ó máa ń yọ̀ ni, nítorí náà máákà ẹlẹ́nu tín-ín-rín tí kì í parẹ́ ni kí ẹ mú lọ. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú káàdì kí ọ̀rá ìka má baà jẹ́ kí tàdáwà gé. Kí ọwọ́ má kàn án títí yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sínú ọ̀rá líle rẹ̀. Ẹ má ṣe dá agbábọ́ọ̀lù dúró ṣáájú ìdíje. Ẹ̀yìn ìgbáradì ló dára jù, nígbà tí ara ti tù ú. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lórí ìwé mìíràn, kí ẹ sì ya fọ́tò bó bá gbà. Bí ó bá fẹ́ kọ orúkọ yín mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Àwọn oníṣòwò máa ń sọ pé orúkọ ẹni lórí káàdì ń dín owó rẹ̀ kù. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn náà ló ń sọ fún ọmọ ọmọ yín pé ẹ̀yin lẹ dúró níbẹ̀. Bí kò bá sí káàdì, fọ́tò tí ẹ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù afọ́tò ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Pápá tí Kwara United ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlọrin ń jẹ́ Rashidi Yekini Main Bowl báyìí. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ náà lójoojúmọ́. Ikọ̀ tó ń lo pápá yẹn ló gba ife Federation Cup lọ́dún 2025, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn kò sì ju ẹgbẹ́ wa lọ. Lẹ́yìn ìgbáradì, ẹ lè bá wọn sọ̀rọ̀. Máákà kan kò wọ́n. Ẹ lọ bá wọn nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì lè lu ìwé.