Ìgbálẹ̀ Ò Jẹ̀bi

Ní 1947 ni Jàpáànù to ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní 6-3-3: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà. Ní 1982, Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ 6-3-3-4, mẹ́rin ìkẹyìn jẹ́ ti yunifásítì. Girama tí àwọn bàbá wa fi ọdún márùn-ún ṣe, àwa fi mẹ́fà ṣe é.

Àwa tí a wọ yunifọ́ọ̀mù ní Ìjerò, Àrámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè mọ ìgbálẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ Jàpáànù náà ń gbá kíláàsì wọn, wọ́n ń nulẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jọ ń ṣe é. Ó wà lára ẹ̀kọ́. Tiwa ńkọ́? Bó o bá pẹ́ dé, wàá gé koríko. Bó o bá sọ "vernacular", ìyẹn èdè Èkìtì wa, wàá gbálẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èdè wọn ni ọmọ Jàpáànù fi ń kọ́ físíìsì!

Àwa tá a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ pé orúkọ fáìlì méjì lè jọra, kí inú wọn yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká tún inú tiwa kọ. Ìgbálẹ̀ ò jẹ̀bi, èdè wa náà ò jẹ̀bi.