Yíyan Olùdarí fún Ilé-Ìkàwé Ìjọba: Ẹ̀kọ́ láti Ìbàdàn, Enugu àti Baltimore

Ilé-ìkàwé ìjọba ni yàrá ìwé fún ẹni tí kò ní yàrá ìwé nílé. Ibẹ̀ ni ọmọ ìyá aláta ní Dùgbẹ̀ ti lè jókòó ti tábìlì kan náà pẹ̀lú ọmọ olówó ní Bódìjà. Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń gún régé, tàbí tí ó bá ń wó lulẹ̀, ẹni tó ń darí rẹ̀ ni aráàlú kọ́kọ́ máa ń wò. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ẹni tó yan olùdarí náà, òfin tí wọ́n fi yàn án, àti owó tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ló máa ń sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣe rí.

Ìpàdé Ìbàdàn ní 1953

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní 1948, John Harris, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ilé-ìkàwé ní New Zealand, ni wọ́n mú wá ṣe olórí ilé-ìkàwé ibẹ̀. Ó wà nídìí iṣẹ́ náà títí di 1968. Ní 1953, àjọ UNESCO pe àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ sí Ìbàdàn láti jíròrò lórí bí ilé-ìkàwé fún gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kókó kan tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé òfin nìkan ló lè fún àwọn alákòóso ilé-ìkàwé ní agbára tó dájú, tí yóò sì jẹ́ kí owó tó tó wà fún iṣẹ́ náà.

Enugu gba ìmọ̀ràn náà. Ní 1955, ìjọba Ìlà-Oòrùn ṣe òfin ilé-ìkàwé, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ alákòóso sílẹ̀ fún un. UNESCO fi Enugu ṣe àwòkọ́ṣe, wọ́n sì ṣí ilé-ìkàwé àgbà ibẹ̀ ní 1959. Kalu Okorie, ọmọ Nàìjíríà, ni ó wá di olùdarí rẹ̀.

Ní ìwọ̀-oòrùn, ìjọba dá ilé-ìkàwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Abẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi í sí. Ìyàtọ̀ méjèèjì kò kéré. Olùdarí tó wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ lè gbé ètò ìṣúná tirẹ̀ kalẹ̀, kí ó sì dúró lé e. Olórí tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba yóò tò sẹ́yìn owó oṣù tíṣà àti kíkọ́ yàrá ìkàwé, nígbà tó bá sì kàn án, owó lè ti tán. Nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó ní 1976, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó jogún ilé-ìkàwé tó wà ní Ìbàdàn.

Ta ni ó tọ́ sí ipò náà?

Láti 1960 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ ti di olórí káàkiri Nàìjíríà. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìlú tó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ilé-ìkàwé ní láti ṣọ́ra kí òwe yìí má ṣẹ mọ́ ọn lára.

Òfin kejìlá ti 1995 ló dá ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ ilé-ìkàwé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà fún àwọn dókítà àti agbẹjọ́rò. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ nípa ẹni tó ń wá ipò olùdarí ni bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni ìrírí: ṣé ó ti bójú tó òṣìṣẹ́ púpọ̀ rí? Ṣé ó ti ṣe ìṣirò owó ìlú, tí àwọn olùyẹ̀wò owó kò sì bá a wí? Ṣé ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà àti íńtánẹ́ẹ̀tì tó bí ó ti mọ̀ nípa ìwé?

Bí wọ́n ṣe ń wá a

Ní ìlú tí ètò bá ti dúró, ìgbìmọ̀ alákòóso kì í kọ́kọ́ wá ènìyàn. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ ohun tí ìlú fẹ́ kí olùdarí náà ṣe láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kéde ipò náà nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á yẹ ìwé ẹ̀rí wò, wọ́n á bi àwọn ọ̀gá tí olùbẹ̀wẹ̀ ti bá ṣiṣẹ́ léèrè nípa rẹ̀, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ wá díẹ̀ nínú wọn lẹ́nu wò. Àwọn ibòmíràn máa ń jẹ́ kí àwọn tó kù sí ìkẹyìn sọ èrò wọn níwájú òṣìṣẹ́ àti aráàlú.

Ní Ìbàdàn, ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi wọ́n kò jìnnà. Báwo ni ìwé yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ iléèwé ní Challenge tí kò ní owó ọkọ̀ dé Dùgbẹ̀? Kí ni wọ́n máa ṣe fún ọ̀dọ́ Agbowó tó ń gbé lódìkejì ẹnubodè yunifásítì, tí kì í sì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀? Báwo ni iná yóò ṣe máa tàn nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ? Ìwé Yorùbá mélòó ni yóò wà lórí pẹpẹ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìwọ̀nyí, ipò ló ń wá, kì í ṣe iṣẹ́.

Lẹ́yìn yíyàn

Ní Gold Coast, tó di Ghana, òfin ilé-ìkàwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950. Evelyn Evans, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí iṣẹ́ náà títí di 1965, tó fi gbé e lé ọmọ Ghana lọ́wọ́. Olùdarí rere máa ń tọ́ àrólé rẹ̀ kí ó tó lọ.

Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, Carla Hayden darí ilé-ìkàwé Enoch Pratt láti 1993 sí 2016. Nígbà tí rúkèrúdò bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà ní 2015, ẹ̀ka ilé-ìkàwé tó wà ní àdúgbò tí wàhálà ti le jù kò ti ilẹ̀kùn. Ní 2016 ni Hayden di olórí ilé-ìkàwé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ọdún mẹ́wàá ni òfin là kalẹ̀ fún ipò yẹn, ṣùgbọ́n Ààrẹ Donald Trump yọ ọ́ ní oṣù karùn-ún 2025, kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ní Baltimore, ìgbìmọ̀ ló gbà á síṣẹ́. Ní Washington, ààrẹ ló yàn án. Ẹni tó lè yan ni yóò ní agbára láti yọ.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, gómìnà ló máa ń ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí irú ipò yìí. Èyí kò burú bí ìgbìmọ̀ tó mọṣẹ́ bá ti kọ́kọ́ yẹ àwọn olùbẹ̀wẹ̀ wò. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni fífi ipò náà san oore fún ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, tàbí fífi adelé síbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, débi tí kò fi ní lè dá ìpinnu ṣe. Ìkéde UNESCO lórí ilé-ìkàwé ìjọba, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, sọ pé ìjọba ló ni ojúṣe láti fi òfin àti owó ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. Olùdarí tó gbọ́n jù lọ, tí kò ní owó láti ra ìwé, kò ní ju olùṣọ́ ilé lọ.