Interleukin-10: Òjíṣẹ́ tí ń Pẹ̀tù sí Ìwúlé

Bí a ṣe mọ̀ pé ara ní òjíṣẹ́ tí ń pẹ̀tù sí ìjà ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín. Bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun a máa tú èròjà tí wọ́n fi ń ké sí ara wọn sójú ogun. Ojú ibẹ̀ a sì wú. Ní 1989, Fiorentino, Bond àti Mosmann ní Amẹ́ríkà kéde èròjà kan tí ń dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ dúró. Ní 1993, ní Cologne ní Jámánì, a rí i pé ìfun èkúté tí kò ní in a máa wú láìdáwọ́ dúró. Ní 2009, a rí àwọn ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì wọn kò lè gbọ́ iṣẹ́ tí ó ń jẹ́. Ìfun wọn bàjẹ́ láti kékeré. A pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun ọ̀kan nínú wọn, àìsàn náà sì rọlẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá nìkan ni ó ń ba ìlú jẹ́. Ogun tí kò ní onílàjà náà a máa bà á jẹ́.