Ìborùn Àkọ́kọ́ Tí A Fi Abẹ́rẹ́ Méjì Hun

Ẹni tí ó bá mọ ooru ilẹ̀ wa kò ní ṣàì béèrè ohun tí ìborùn onírun àgùntàn ń wá láàrin àwọn ará Ifọ̀, Mòwé àti Ìbàfò. Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ nígbà ọyẹ́, tí ó sì ti rí bí àwọn ọmọ ti ń ká apá mọ́ àyà lọ sí ilé ẹ̀kọ́, yóò gbà pé ìborùn náà ní oṣù tirẹ̀. Ohun mìíràn ni mo sì fẹ́ sọ jù èyí lọ. Ìborùn ni iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ ń fi lé ọwọ́ ẹni tí ń kọ́ híhun pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ náà sì gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa, tí kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọkùnrin, ní ìtàn nínú.

Kí a má ṣe rò pé àwọn baba wa kò ní aṣọ kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé. Àwọn obìnrin ni ó ń ran òwú, àwọn ni ó sì ń hun kíjìpá lórí òfì tí ó dúró ṣánṣán ti ògiri. Àwọn ọkùnrin ni ó ń jókòó sí ìdí òfì kejì, èyí tí ń mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, tí a ń rán pọ̀ di aṣọ òkè. Ní ti abẹ́rẹ́, ọkùnrin ni ó ń rán agbádá, ọkùnrin ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn rẹ̀. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí a óò padà sí i.

Odò Ògùn, tí ó fi Ifọ̀ sí apá ìwọ̀ oòrùn, tí ó fi Mòwé àti Ìbàfò sí apá ìlà oòrùn, jẹ́ ọ̀nà òwú nígbà kan rí. Láàrin ọdún 1850 sí 1860, Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, rọ àwọn ará Abẹ́òkúta láti máa ta òwú sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A kó ẹ̀rọ tí ń yọ kóró òwú wá. Samuel kékeré àti Josiah, àwọn ọmọ Àjàyí Crowther, pẹ̀lú Henry Robbin tí í ṣe Sàró, wà lára àwọn tí ó mójú tó iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé òwú náà gba Ìṣẹrí lọ sí Èkó. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 títí dé 1865, mú kí owó òwú ga. Bẹ́ẹ̀ ni òwú wa ń lọ láìhun, tí ó sì ń padà tọ̀ wá wá ní aṣọ. Òwò tí mo rò pé ó ṣe Manchester ní àǹfààní ju Abẹ́òkúta lọ. Ní 1867 ni Ìfọ́lé dé, tí a lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú Ẹ̀gbá.

Híhun pẹ̀lú abẹ́rẹ́ méjì yàtọ̀ pátápátá sí ti òfì. Òfì ń fẹ́ òwú ọ̀nà méjì, èyí tí a ta gbọọrọ àti èyí tí ó dábùú rẹ̀. Ó ń fẹ́ igi àti ibi ìjókòó kan. Abẹ́rẹ́ méjì kò fẹ́ ju fọ́nrán kan ṣoṣo lọ, tí a ń ká ní ojú, tí ojú kan ń gba inú ojú kejì kọjá. Lára iṣẹ́ irú èyí tí ó pẹ́ jù tí ó ṣì wà ni àwọn ìbọ̀sẹ̀ tí a rí ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí ọjọ́ orí àwọn kan nínú wọn súnmọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún. Òwú ni a fi hun wọ́n, aró àti funfun. Aláró Abẹ́òkúta kan ìbá mọ àwọ̀ náà lójú kan. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé Yúróòpù, ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ni ó gbà á ṣe ní ọ̀pọ̀ ìlú, tí ọ̀dọ́mọkùnrin sì ń fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ní 1589, William Lee ará Calverton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ìtàn pè ní àlùfáà ìjọ, ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n ní Ọbabìnrin Elizabeth kọ̀ láti fún un ní ìwé àṣẹ, nítorí àwọn tí ń fi ọwọ́ hun yóò pàdánù oúnjẹ wọn. Lee kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé.

Báwo ni ó ti wá di iṣẹ́ ọmọbìnrin? Àwọn ìyàwó míṣọ́nnárì ni ó kọ́kọ́ mú abẹ́rẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Anna Hinderer, tí ó dé Ìbàdàn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní 1853, kọ́ àwọn ọmọ Kúdẹtì ní aṣọ rírán. Ní 1869 C.M.S. dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n òfin ni ó sọ àṣà náà di dandan. Láti 1874 títí dé 1886 a so Èkó mọ́ ilẹ̀ Gold Coast lábẹ́ ìjọba kan, òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 sì kan ìlú méjèèjì. Ó ka ìwé kíkà, ìwé kíkọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sí ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ gbọdọ̀ kọ́; ní ti ọmọbìnrin, ó fi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kún un. Kò mẹ́nu kan èdè Yorùbá rárá. Ẹ wo ọ̀ràn yìí dáadáa. Ní 1884, lẹ́yìn ọdún méjì péré, a tẹ odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá. Síbẹ̀, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba lè tọ ilé ẹ̀kọ́ lọ nítorí létí aṣọ tí ọmọbìnrin ká dáadáa, kò sì lè tọ̀ ọ́ lọ nítorí pé ọmọ náà ka Ìhìn Rere ní èdè ìyá rẹ̀ láìkọsẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ọkùnrin ti ń rán agbádá, òfin yìí gba abẹ́rẹ́ ní ọwọ́ ọmọkùnrin. Òfin náà kò dé Ifọ̀, nítorí ìjọba Ẹ̀gbá dá dúró títí di 1914. Ṣùgbọ́n Èkó ni a ti ń wo àpẹẹrẹ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òfin náà ti ṣẹ̀ wá, ìlànà àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà pàápàá sọ ohun tí ọmọbìnrin yóò kọ́kọ́ hun: abẹ́rẹ́ méjì, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí ìborùn. Àwọn kíláàsì òkè ni ó ń hun ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́rin. Ẹni tí ó ṣe ìlànà yẹn mọ iṣẹ́. Ìborùn kò ní apá, kò ní ọrùn, a kò bù kún un, a kò sì dín in kù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ká ojú bí ọgbọ̀n sí orí abẹ́rẹ́ òsì, kí òwú má nípọn jù, kí ó má sì tinrín jù. Kí ó ti abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ inú ojú kìn-ín-ní láti iwájú, kí ó fi òwú yí i ká, kí ó fà á gba inú ojú náà jáde, kí ó sì jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìlà kan bá parí, kí ó yí iṣẹ́ náà padà, kí ó tún ṣe bákan náà. Bí gbogbo ìlà bá rí báyìí, iwájú àti ẹ̀yìn yóò jọra, aṣọ náà yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a bá ń hun ìlà kan ní iwájú, tí a sì ń hun èyí tí ó tẹ̀lé e ní òdì, etí rẹ̀ yóò ká jọ bí ewé gbígbẹ. Kí ó máa ka ojú rẹ̀ ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọgbọ̀n bá di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ojú kan ti já bọ́, ó sì lè tú lọ sí ìsàlẹ̀ bí àkàbà. Àǹfààní ńlá ni pé fọ́nrán kan ṣoṣo ni: a lè tú gbogbo rẹ̀, kí a ká a padà, kí a sì fi òwú kan náà tún un hun. Alágbẹ̀dẹ lè tún irin rọ. Ẹni tí ó ti fi ọ̀bẹ gé aṣọ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn kí 1901 tó parí, gba Ifọ̀ kọjá, ọjà Èkó sì di ìtòsí. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún Ìbàfò àti Mòwé. Ọ̀pọ̀ òwú ìhunṣọ tí à ń tà lónìí kì í ṣe irun àgùntàn mọ́. Láti inú epo rọ̀bì ni a ti ń ṣe é, ó sì rọrùn láti fọ̀. Súwẹ́tà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń wọ̀ nígbà ọyẹ́, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, ọmọ-ọmọ ẹ̀rọ tí Lee gbé sá lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ohun tí ọwọ́ ṣì ń hun jù ni fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìborùn ọmọ tuntun, tí a ń dì fún ìyá ìkókó kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé.