Ta Ló Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì Yẹn?

Bí dókítà ní Òkìtìpupa bá fura sí jẹjẹrẹ, ó lè kọ̀wé fún aláìsàn lọ sí Òndó, Ọ̀wọ̀ tàbí UCH n'Ìbàdàn. Àwa kì í sì í jẹ́ kí aláìsàn dá lọ. Àbúrò á gbé fúláàsì, ìyàwó á ká ẹní, ọmọ á máa sáré oògùn kiri. Ṣùgbọ́n tí àìsàn bá le débi ICU, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wọn máa dúró sí. Nínú lọ́hùn-ún, ẹni wọn lè di nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ọwọ́ ènìyàn ni ICU fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Copenhagen, olú ìlú Dẹ́ńmáàkì. Ọ̀pọ̀ aláìsàn, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn, ò lè dá mí mọ́. Bjørn Ibsen, dókítà akunilóorun, ní kí wọ́n dá ihò sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, kí ẹnì kan sì máa fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ fún un. Ẹ̀rọ ò tó, ni nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ bá pín iṣẹ́ náà ṣe, tọ̀sán-tòru. Ẹ fojú inú wò ó ná: akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ, ó ń bá a mí! Lọ́dún 1953, Ibsen ṣí yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ṣófo.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, fún àwọn alárùn ọpọlọ. Kò tì wọ́n mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, mọ̀lẹ́bí sì gbọ́dọ̀ bá wọn wá. Àrùn ọpọlọ kì í ṣe jẹjẹrẹ, a mọ̀. Síbẹ̀, ẹnì kan ti fi mọ̀lẹ́bí sínú ìtọ́jú nílẹ̀ wa nígbà tí ICU ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lókè òkun.

Ní ti jẹjẹrẹ, Cicely Saunders ṣí St Christopher's sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1967. Ó kọ́ àwọn dókítà pé ìrora ara, ti ọkàn, ti ẹbí àti ti ẹ̀mí so kọ́ra. N'Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo wà lára àwọn tó gbé irú ìtọ́jú yìí dìde. Akunilóorun lòun náà, bíi Ibsen. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, àwọn akunilóorun ló ń bójú tó ICU. Ìyẹn ni pé láàárín àwọn tó mọ ẹ̀rọ yìí jù la ti rí ẹni tó ń béèrè ohun tí aláìsàn fẹ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni tiwa, nítorí náà fọ́ọ̀mù lojú wa kọ́kọ́ ń lọ sí. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà fáìlì, irú jẹjẹrẹ. Níbo ni nọ́ọ̀sì máa kọ ọ́ sí pé èdè Ìkálẹ̀ ni màmá yìí gbọ́ jù? Orúkọ wo ni wọ́n ń pè é nílé? Ta ló fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun? Tí ìrètí bá pin, ṣé ẹ̀rọ ló fẹ́ àbí ilé? Tí wọ́n bá ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, kò ní lè dáhùn mọ́. Àfi ká bi í kó tó wọlé. Àyè mẹ́rin péré ni lórí fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ ọ̀sán kan.