Ta Ló Ni Títì Adó Nígbà Òjò?

Ẹni tó bá kíyè sí bí ọ̀nà Adó-Èkìtì ṣe ń já sí Ọjà Ọba yóò mọ̀ pé afẹsẹ̀rìn ló tẹ ìlú náà dó, afẹsẹ̀rìn náà ni wọ́n sì ní lọ́kàn. Ọjà náà kò jìnnà sí ààfin Èwí, ọba Adó, bí ọjà ọba ti máa ń súnmọ́ ààfin káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Òkèṣà, Ìjìgbò, Ìrọ̀nà àti Òdò-Adó kò sì jìnnà sí i ju ohun tí obìnrin tó gbẹ́rù karí lè rìn lọ, kó rìn bọ̀, kó ṣì ráyè dáná. Èrò tó gbòde báyìí ni pé ìyà ni ti ẹni tí kò ní mọ́tò, pàápàá láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ṣe jìyà títí ọkọ̀ fi dé. Ìtàn ò ti irú èrò yìí lẹ́yìn. Kì í ṣe àìní mọ́tò ló sọ òjò di ọ̀tá afẹsẹ̀rìn. Títì tí wọ́n là fún mọ́tò nìkan ni.

Kí òyìnbó tó dé, gbogbo ìlú ló ni ọ̀nà. Àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló ń ro ó dé ààlà, pàápàá bí ọdún bá ń bọ̀, wọ́n á gé igi tó bá wó dí i, wọ́n á sì tẹ́ igi sórí odò kékeré. Wọn kì í sì í bá òjò jà lójoojúmọ́. Ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń dúró dè kí wọ́n tó kó irè lọ tà. Àgbẹ̀ tí oko ẹgàn rẹ̀ jìnnà a máa sùn ní abà fún ọjọ́ púpọ̀ lásìkò iṣẹ́, oko etílé ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹrù wà lórí òṣùká, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà fún ìbòrí. Àní ọdún Ùdírókò, tí àwọn ìjòyè fi ń wá júbà Èwí, oṣù kẹjọ ló bọ́ sí, lásìkò tí òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. N kò ní sọ pé nítorí ọ̀nà gbígbẹ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n àsìkò náà rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn.

Ẹnìkan lè ní mo ń fi oyin sọ́rọ̀ àtijọ́. Òótọ́ ni pé ọ̀nà ìgbà náà le. Bí odò ńlá bá kún, igbá ńlá ni wọ́n fi ń tu èrò kọjá. Láàárín 1877 sí 1886 tí ogun Kírìjì ń jà, ẹni tó bá dá rìn lè di ẹrú kó tó dé ibi tó ń lọ. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní túláàsì láti ru ẹrù aláṣẹ. Ìyà gidi ni gbogbo ìyẹn, àmọ́ ẹ wo ohun tó fà á: omi tí kò ní afárá, ogun, àti agbára. Nínú méjì àkọ́kọ́, kò sí èyí tí mọ́tò jẹ́ oògùn rẹ̀. Afárá ló wo ti àkọ́kọ́ sàn, àlàáfíà ló wo èkejì.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Òṣogbo kọjá dé Ìlọrin kí 1910 tó pé, kò sì yà sí Èkìtì rárá. Ní 1906 ni wọ́n ṣí ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Nígbà tí ti Èkìtì náà fi máa kàn, kòkó àti iṣẹ́ ìjọba ló fà á wá: kí bọ̀lẹ̀kájà lè kó ẹrù jáde, kí ọ̀gá lè yẹ ìlú wò. Ẹni tó ń ti Ìjìgbò lọ ra ata kò sí nínú ìṣirò náà. Síbẹ̀, kò tíì ní í lára, nítorí ọkọ̀ kò pọ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere sì ń gba ojú ọ̀nà oko àtijọ́ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí owó Udoji, àfikún owó oṣù, sì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974 sí 1975, ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í di àmì pé ènìyàn ti là. Lẹ́yìn tí Adó di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 1996, ìjọba fẹ títì, wọ́n da ọ̀dà sí i, wọ́n sì kọ́ afárá gba orí títì kọjá. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, gọ́tà tó lanu sílẹ̀ ló tẹ̀lé ọ̀dà, láìsí ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Ìlú olókè ni Adó. Àgbàrá tí ilẹ̀ máa ń fà mu tẹ́lẹ̀ wá ń sáré lórí ọ̀dà. Bó bá ti rọ̀, gọ́tà àti títì á di ọ̀kan, afẹsẹ̀rìn á wà láàárín àgbàrá àti táyà.

Àwọn kan á ní ọ̀kadà ti yanjú ìṣòro náà. Ó gbìyànjú, lóòótọ́. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, tí owó mọ́tò kọjá agbára òṣìṣẹ́, alùpùpù ló ń gbé èrò dé kọ̀rọ̀ tí takisí kò lè dé. Àmọ́ epo ló ń mu, inú òjò kan náà ni èrò ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, lítà tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì padà sórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n tún lè ní ìlú ti tóbi jù. Baṣírí jìnnà sí Ọjà Ọba lóòótọ́, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ nílò ọkọ̀ èrò. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìrìn inú ìlú kì í kọjá àdúgbò méjì. Ìlú tó tóbi ju Adó lọ pàápàá ṣì ń ro ti ẹlẹ́sẹ̀: ní Chicago àti New York, níbi tí mọ́tò pọ̀ bí eṣú, òfin pàṣẹ fún onílé pé kó kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ nígbà òtútù. Irú ojúṣe tí àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa fi ń ro ọ̀nà nìyẹn, àwa la jẹ́ kó bọ́.

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Adó má ṣe la títì kan sí i kí wọ́n tó bo gọ́tà gbogbo ọ̀nà tó wọ Ọjà Ọba, kí wọ́n sì ṣe ibi ìrìn sórí rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà àti onílé ẹ̀bá títì, ẹ kó ìdọ̀tí àti pàǹtírí kúrò nínú gọ́tà kí oṣù kẹrin tó dé.